Láti Iyán dé Ìrẹsì: Ètò Oúnjẹ Àsè ní Ìdànrè àti Àwọn Fíìmù Ìtàn Yorùbá

Ìfáàrà

Ní 2022, fíìmù mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú ìgbìmọ̀ tí í yan fíìmù tí Nàìjíríà yóò fi du àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jẹ mọ́ ìtàn àti èdè Yorùbá: Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan darí, Elesin Oba: The King's Horseman tí Bíyì Bándélé darí, àti King of Thieves tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Agẹṣinkólé. Ìgbìmọ̀ náà dìbò pé kò sí èyí tí yóò lọ lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì di àríyànjiyàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan nínú ọmọ ìgbìmọ̀ fi ipò wọn sílẹ̀. Ní 2023, ìgbà 16 ni orúkọ Aníkúlápó jáde nínú àkójọ àwọn tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ AMVCA.

Irú fíìmù báyìí ni ó ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní bí àtijọ́ ṣe rí: bí wọ́n ṣe ń wọṣọ láàfin, bí wọ́n ṣe ń kí ọba, bí ọjà ṣe ń kún. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ìwúyè tàbí ọjọ́ ìbí ń wo inú wọn kí wọ́n tó ṣètò aṣọ, ìlù àti oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn onídàájọ́ fi ń wo fíìmù kò bá ti alásè mu. Ẹ̀ka àmì-ẹ̀yẹ wà fún aṣọ, fún ìṣaralóge, fún ìró àti fún àwòrán. Oúnjẹ kò ní ẹ̀ka tirẹ̀. Aṣọ tí kò bá ìgbà mu yóò rí ẹni tí yóò bá a wí. Àwo oúnjẹ tí kò bá ìgbà mu lè kọjá láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè.

Ìlú Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti bi ìbéèrè náà. Ìlú yìí wà ní ẹsẹ̀ àwọn àpáta ńlá tí àwọn baba ńlá wọn gbé lórí rẹ̀ fún ìran púpọ̀, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO fi ṣe ogún àgbáyé. Àlejò ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó lé ní 600 láti wo ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́, wọ́n sì ń béèrè oúnjẹ ìbílẹ̀ bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹbí kan ní Òdòdè tàbí ní Aládé bá fẹ́ fi fíìmù ìtàn ṣe àwòkọ́ṣe àsè rẹ̀, kí ni yóò sè? Ìtàn wo ni yóò sì bọ́ àwọn àlejò rẹ̀?

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé ètò oúnjẹ tí a bá fà yọ láti inú fíìmù ìtàn jẹ́ ìtàn fúnra rẹ̀, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ṣe ń yẹ ìtàn wò. Bí ó bá kó gbogbo ìgbà pọ̀ sínú ìkòkò kan, tí ó pè é ní "ìbílẹ̀", ó ti pa ìtàn tí Ìdànrè ní rẹ́: bí àwọn ènìyàn ṣe fi òkè sílẹ̀, bí kòkó ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ iṣu, àti bí ìrẹsì ṣe gorí àga tí iyán jókòó lé.

Òwe kan àti ipò oúnjẹ

Yorùbá ti to oúnjẹ ní ipò-ò-jù-ipò kí ẹnikẹ́ni tó ṣe fíìmù. Wọ́n ní: iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ọkà tí òwe ń wí ni àmàlà, oúnjẹ èlùbọ́ iṣu. Nítorí náà, oúnjẹ méjì tí ó wà lókè, iṣu ni. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àgbàdo ni. Ẹ̀kọ tí ó wà láàárín lè jẹ́ ti àgbàdo, ó sì lè jẹ́ ti ọkà bàbà.

Òwe kì í ní déètì, ṣùgbọ́n ohun tí ó dárúkọ lè jẹ́ kí a mọ ìgbà tí kò lè ṣáájú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, lẹ́yìn ìrìn-àjò Columbus ní 1492. Àwọn Potogí ni wọ́n sì kó o dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìparí òwe náà, níbi tí gúgúrú wà, kò lè ṣáájú ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọmọ onílẹ̀ ni iṣu. Ìwádìí nípa ìran irúgbìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Ghana àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ iṣu igbó di iṣu oko. Bí ó ti rí yìí, òwe náà ń fi onílẹ̀ síwájú, ó ń fi àlejò sẹ́yìn. Kò lé àlejò jáde; ó fún un ní ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí òwe kò dárúkọ náà ní ìtumọ̀. Gàrí kò sí níbẹ̀. Ìrẹsì kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti wà ní ipò ńlá nígbà tí òwe yìí ń fìdí múlẹ̀, ó ṣòro kí ahọ́n tí ó rántí gúgúrú gbàgbé wọn.

Ní Ìdànrè, ipò iyán kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Nígbà tí ilé wà lókè tí oko wà nísàlẹ̀, iṣu gbọ́dọ̀ gun àpáta lórí ènìyàn kí ó tó dé odó. Ẹni tí ó bá fi iyán gba ogunlọ́gọ̀ lálejò fi hàn pé òun ní ilẹ̀, òun ní ọwọ́ tí ń roko, òun sì ní orí tí ń ru ẹrù. Ìró odó jẹ́ ìkéde. Kò sí ẹni tí ó lè fi iyán ṣe àsè ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ọ.

Tábìlì kìíní: Aníkúlápó àti Ọ̀yọ́-Ilé

Aníkúlápó gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Sàró, ahunṣọ tí ó wá ọ̀nà àtijẹ wọ ìlú, bá ìyàwó ọba lò pọ̀, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ ko ikú lójú kí agbára ẹyẹ Àkàlà tó sọ ọ́ di ẹni tí ń jí òkú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi fíìmù yìí ṣètò àsè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó wà nínú ìkòkò ní Ọ̀yọ́ ìgbà náà.

Ohun tí ó wà pọ̀. Iṣu wà, tútù àti gbígbẹ, nítorí náà iyán àti àmàlà wà. Ẹ̀wà wà, èyí tí ó jẹ́ irúgbìn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ nítorí náà kò jẹ̀bi. Ẹ̀gúsí, epo pupa, irú tí wọ́n fi èso igbá ṣe, ẹran ewúrẹ́, ẹran ìgbẹ́, obì, orógbó àti ẹmu, gbogbo wọn ni onílẹ̀. Ọkà bàbà wà fún ẹ̀kọ àti fún ọtí. Àgbàdo náà ti dé. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àpáàdì ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn amọ̀kòkò fi kùùkù àgbàdo yí lára nígbà tí amọ̀ ṣì tútù, tí ojú kùùkù náà sì hàn lára rẹ̀ títí di òní. Amọ̀kòkò kì í fi ohun tí kò sí nítòsí ṣe ọnà.

Ohun tí kò sí ni ó yẹ kí alásè ṣọ́ra fún. Ẹ̀bà kò yẹ lórí tábìlì yìí. Lóòótọ́, àwọn Potogí ti kó ẹ̀gẹ́ dé etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ṣùgbọ́n oró wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń yan án kò lè fi ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìmọ̀ gàrí tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà sílé sì ní ọwọ́ tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ tòmátì kò yẹ níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an fi hàn pé àlejò ni. Ata pupa àti ata rodo jẹ́ ti Amẹ́ríkà bákan náà, wọ́n sì ti ń wọ ilẹ̀ yìí ní ìgbà tí fíìmù náà ń sọ. Ṣùgbọ́n ìyèré àti ataare ni ó kọ́kọ́ ń ta Yorùbá lẹ́nu. Alásè tí ó bá fi ìyèré se ọbẹ̀ ewúrẹ́ fún irú àsè báyìí ti ṣe iṣẹ́ òpìtàn.

Ìkìlọ̀ kejì kan Ìdànrè gan-an. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ìdànrè wà nínú igbó. Àwọn fíìmù ńlá tí ń sọ ìtàn ọba àti ogun fẹ́ràn Ọ̀yọ́, ẹni tí ó bá sì ń wò wọ́n léraléra lè rò pé àṣà Ọ̀yọ́ ni àṣà gbogbo Yorùbá. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àmàlà àti gbẹ̀gìrì ṣe ń di "oúnjẹ ìbílẹ̀ Yorùbá" lójú àlejò. Ní Ìdànrè, Oǹdó, Àkúrẹ́ àti Èkìtì, iyán ni a fi ń sọ pé ènìyàn jẹun. Ẹbí Ìdànrè tí ó bá gbé àmàlà síwájú iyán nítorí pé fíìmù Ọ̀yọ́ ni ó wò ti yá ìtàn ẹlòmíràn lò, ó sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Tábìlì kejì: Elesin Oba àti oúnjẹ àkókò ogun

Orúkọ Ìdànrè wọ ìwé àgbáyé nípasẹ̀ Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí ó fi ìlú náà àti òrìṣà Ògún ṣe orí ìwé ewì rẹ̀, Idanre and Other Poems, ní 1967. Òǹkọ̀wé kan náà ni ó kọ eré Death and the King's Horseman ní 1975, èyí tí Bándélé sọ di fíìmù. Bándélé kú ní oṣù kẹjọ 2022, oṣù kan kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Toronto. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ikú Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù ní ìparí 1944 ni ó bí ìtàn náà: Olókùn-Ẹṣin tí àṣà ní kí ó bá ọba lọ, tí aláṣẹ òyìnbó sì dá dúró. Dúró Ládípọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà ṣe eré Ọba Wàjà ṣáájú Ṣóyínká.

Àsè méjì ni ó ń kojú ara wọn nínú ìtàn yìí. Èkíní wà ní ọjà, lábẹ́ àṣẹ Ìyálọ́jà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe Ẹlẹ́ṣin lọ́ṣọ̀ọ́ tí wọ́n sì fi ìyàwó tuntun fún un ní alẹ́ ìkẹyìn rẹ̀. Èkejì wà ní ilé àwọn òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń jó ijó ìbòjú nítorí ọmọ ọba ilẹ̀ wọn tí ó wá ṣe àbẹ̀wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi fíìmù yìí ṣètò oúnjẹ kò lè to tábìlì kan. Tábìlì ọjà ni ti àkàrà, ẹ̀kọ, dòdò, iṣu sísun àti obì. Tábìlì òyìnbó ni ti oúnjẹ inú agolo, bisikíìtì àti ọtí ìgò. Bí alásè bá da méjèèjì pọ̀ nítorí ẹwà, ó ti tú ìjà tí ó wà nínú ìtàn náà ká.

Ṣóyínká fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, ogun yẹn sì ní ìtàn oúnjẹ tirẹ̀. Láti 1941 ni ìjọba amúnisìn ti gbé ètò kan kalẹ̀ ní Èkó lábẹ́ Captain A. P. Pullen láti máa díye lé oúnjẹ. Gàrí wà lára àwọn ohun tí ètò náà mú. Iye tí ìjọba dá kò bá ti ọjà mu, àwọn obìnrin ọjà Èkó sì bá ètò náà jà lábẹ́ olórí wọn, Alímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, títí ogun fi parí. Ìyálọ́jà tí ó dojú kọ aláṣẹ òyìnbó lórí pèpéle ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n wà láàyè ní ìgbà kan náà, tí wọ́n ń jà nítorí ìwọ̀n gàrí. Èyí ni ìdí tí gàrí fi yẹ lórí tábìlì kejì tí kò sì yẹ lórí tábìlì kìíní. Láàárín Ọ̀yọ́-Ilé àti ogun Hitler, àlejò tí òwe kò mọ̀ ti di oúnjẹ tí ìjọba àti ará ọjà ń jà lé lórí.

Ògún tí Ṣóyínká kọrin nípa rẹ̀ náà ní oúnjẹ tí Ìdànrè mọ̀: iṣu sísun, ẹmu àti ajá. Àsè òrìṣà kì í tètè yí padà bí àsè ìgbéyàwó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lórí òkè kí àlejò tó dé, kí ó wo ohun tí wọ́n ṣì ń gbé síwájú òrìṣà.

Tábìlì kẹta: October 1, kókò àti kòkó

Fíìmù October 1 tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2014 gba àmì-ẹ̀yẹ tí ó pọ̀ ní AMVCA 2015. Apá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n yà ní Ìlárá-Mọ̀kín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, ibi tí kò jìnnà sí Ìdànrè. Akọ́tẹ́, ìlú inú rẹ̀, jẹ́ àfinúdá, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ dájú: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960. Ọlọ́pàá ń wá ẹni tí ń pa àwọn ọmọbìnrin, ọmọ ọba sì ti kàwé ní yunifásítì padà wálé.

Owó ta ni ó rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí yunifásítì? Ní agbègbè Oǹdó, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni kòkó. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ogún, àwọn àgbẹ̀ Agége, àwọn ìjọ Kristi àti àwọn òṣìṣẹ́ oko tí ó padà sílé tan irúgbìn kòkó kálẹ̀ nínú igbó Yorùbá. Ìdànrè di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí kòkó ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Sísọ̀kalẹ̀ láti orí òkè àti gbígbòòrò oko kòkó jẹ́ ìtàn ìgbà kan náà: ọ̀nà ọkọ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹni tí ń ra kòkó, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn wà.

Ohùn ni ó ya kókò àti kòkó sọ́tọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n oko ni ó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí igi kòkó bá ṣì kéré, àgbẹ̀ máa ń gbin kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín rẹ̀ kí wọ́n lè ṣíji bò ó. Sara Berry, nínú ìwádìí rẹ̀ lórí kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tí ó jáde ní 1975, ṣàlàyé bí oúnjẹ àti kòkó ṣe ń dàgbà pọ̀ lórí ilẹ̀ kan ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kòkó a borí. Iṣu ń fẹ́ ilẹ̀ titun àti oòrùn. Kòkó a dúró lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì ti òjìji bo ilẹ̀. Bí baba bá ti gbin kòkó sí ibi tí bàbá-bàbá rẹ̀ ń kọ ebè iṣu, ọmọ yóò ní owó, ṣùgbọ́n yóò ra iṣu. Lónìí, púpọ̀ nínú iṣu tí alásè ń gún ní gúúsù ń ti Benue àti Kogi wọlé.

Owó kòkó kan náà kò ṣàì dé ojú àwòrán. Òun ni òpó tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gbé ara lé nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní 1955, tí ó sì dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá 1959. Àwọn ẹgbẹ́ eré tí ń rìn láti ìlú dé ìlú rí owó ìwọlé ní àwọn ìlú oníkòkó. Nínú irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣèré fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Lọ́ọ̀fù sì wà lára wọn. Ó kópa nínú Àjàní Ògún ní 1976. Ọmọ rẹ̀ ni Kúnlé Afọláyan. Nítorí náà, nígbà tí ará Ìdànrè bá jókòó wo October 1, kì í ṣe àlejò sí fíìmù náà. Ilẹ̀ tí ó fi iṣu rọ́pò wà lára ohun tí ó sanwó ọ̀nà tí fíìmù gbà dé.

Tábìlì 1960 yóò yàtọ̀ sí méjì tí ó ṣáájú. Iyán ṣì wà láàárín. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ti wọlé, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ Kérésìmesì, ti ọjọ́ Àìkú àti ti àlejò pàtàkì, pẹ̀lú ọbẹ̀ tòmátì àti adìẹ. Bíà ìgò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbè ẹmu, nítorí pé láti 1949 ni wọ́n ti ń po bíà Star ní Èkó. Ẹni tí ó ní kòkó ní ọdún yẹn ní agbára láti fi oúnjẹ tí a rà hàn. Ìyípadà tí ó wà níbẹ̀ nìyí: lórí òkè, ohun tí baálé gbìn ni ó fi ń jẹ́ gbajúmọ̀, ní ìsàlẹ̀, ohun tí ó rà ni.

Tábìlì kẹrin: òde òní

Fíìmù méjì tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ AMVCA fi ìgbà tiwa hàn ní ọ̀nà méjì. The Wedding Party, tí Kẹ́mi Adétìba darí tí wọ́n sì fi hàn ní Toronto ní 2016, jẹ́ ìtàn ìgbéyàwó ńlá kan láàárín ẹbí Yorùbá àti ẹbí Igbo. Battle on Buka Street, tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní ìparí 2022, jẹ́ ìtàn obìnrin méjì tí ń fi oúnjẹ títà figa gbága ní àdúgbò kan. Gbọ̀ngàn ọlọ́lá ni ti èkíní. Búkà ni ti èkejì. Lórí ìbéèrè ta ni ó ń sè, búkà sún mọ́ òtítọ́ jù. Alásè Ìdànrè tí ń fi iná igi se ìkòkò ńlá lẹ́yìn ilé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí olóúnjẹ búkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Lórí tábìlì yìí, ìrẹsì ni ọba. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù gba orúkọ rẹ̀ lára ìjọba Jolof ní Senegal, ilẹ̀ tí UNESCO fi oúnjẹ rẹ̀, ceebu jën, sínú àkójọ ogún àṣà ní 2021. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, ìrẹsì òkèèrè wọlé lọ́pọ̀ yanturu, ohun tí wọ́n ń jẹ ní ọdún nìkan sì di ti ojoojúmọ́. Ní 1985, ìjọba fòfin de kíkó o wọlé, ṣùgbọ́n òfin kò lè mú ahọ́n padà. Ìrẹsì rọrùn fún ogunlọ́gọ̀: a lè sè é sílẹ̀, a lè bù ú kíákíá, kò sì gba odó àti ọwọ́ mẹ́fà bí iyán. Kì í ṣe ìgbéraga nìkan ni ó lé iyán kúrò ní iwájú. Àìsí ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí í gún iyán ti lọ sí yunifásítì, owó kòkó ni ó sì rán wọn lọ.

Síbẹ̀, àpẹẹrẹ kan wà tí ó lọ ní òdìkejì. Àsun, ewúrẹ́ tí wọ́n fi iná sun, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì fi ata rodo rò, jẹ́ oúnjẹ tí àwọn ará Oǹdó àti agbègbè rẹ̀ fi gbajúmọ̀. Orúkọ rẹ̀ kò ju ohun tí a sun lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti di ohun tí wọ́n ń bù fún àlejò ní Èkó, ní Àbújá àti ní London. Ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, ata rẹ̀ ti òkun wá, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kì í ṣe ti Oǹdó. Ó fi hàn pé ohun tí ń sọ oúnjẹ di ìbílẹ̀ ni ọwọ́ tí ń sè é àti àwọn tí ń jẹ ẹ́ pọ̀, kì í ṣe ibi tí irúgbìn ti ṣẹ̀ nìkan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ata, ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ìrẹsì lọ́jọ́ kan, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Ìgbẹ́mọ ní Èkìtì.

Ohun kan tí ó ti ilẹ̀ Ìdànrè jáde tí kì í sábà wà lórí tábìlì àsè Ìdànrè ni kòkó. Ó ń lọ sí òkèèrè ní hóró, ó sì ń padà bọ̀ bíi ṣokoléètì inú kéèkì ìgbéyàwó, ní iye owó tí àgbẹ̀ tí ó gbìn ín lè má lágbára rẹ̀. Kò sí fíìmù tí ó nílò láti sọ ìtàn yìí fún alásè. Ó wà nínú àwo.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹbí tí ó bá fẹ́ fi fíìmù ṣètò àsè ní Ìdànrè lè to tábìlì mẹ́rin ní ìtẹ̀léra. Èkíní ni iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí oní-irú, ewúrẹ́ oní-ìyèré, ọ̀lẹ̀lẹ̀, obì àti ẹmu, láìsí tòmátì, láìsí ẹ̀bà. Èkejì ni àkàrà, ẹ̀kọ, dòdò, gàrí àti ẹja, kí wọ́n sì ya igun kan sọ́tọ̀ fún bisikíìtì àti oúnjẹ agolo kí ìyàtọ̀ lè hàn. Ẹ̀kẹta ni iyán àti kókò sísè, pẹ̀lú àwo ìrẹsì kékeré kan tí wọ́n fi adìẹ dá lọ́lá, àti bíà. Ẹ̀kẹrin ni jọ̀lọ́ọ̀fù ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, àsun, àti ohun dídùn tí wọ́n fi kòkó Ìdànrè ṣe. Àlejò tí ó bá rìn láti tábìlì kìíní dé ìkẹrin yóò ti jẹ ìtàn ọ̀rúndún mẹ́rin kí ó tó jókòó.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi àwọn oúnjẹ àlejò ṣẹ̀sín. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú fíìmù ìtàn àti nínú òde tí ń wò ó ṣe àwòkọ́ṣe ni èrò pé àtijọ́ jẹ́ ojú kan, pé ohunkóhun tí ìyá àgbà bá ti sè rí ti wà láti ìwáṣẹ̀. Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú tí ó kó ilé rẹ̀ kúrò lórí àpáta, tí ó sì fi kòkó rọ́pò ebè iṣu láàárín ọjọ́ ayé ènìyàn kan, mọ ohun tí ìyípadà ń gbà lọ́wọ́ ẹni àti ohun tí ó ń fún ẹni. Iṣẹ́ àwọn tí ń kọ ìtàn Yorùbá ni láti fún alásè àti olùdarí fíìmù ní ìmọ̀ yìí kí wọ́n tó dáná. Ní ti àwọn tí ó jókòó sínú òkùnkùn sinimá láti wo ààfin àtijọ́, gúgúrú ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Òwe ti ní kẹ́nu má dilẹ̀ ni tirẹ̀. Kò sì tíì kúrò ní ipò tí wọ́n fi í sí.